Mo Ju Fóònù Mi Láti Orí Òrùlé: Ọ̀rọ̀ Kámẹ́rà Tó Ń Fì Lábẹ́ Páráṣúùtì

Bí ẹ bá wà nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀, ẹ kú ìfaradà. Bí ẹ bá ń fọ aṣọ, ẹ yí ohùn mi sókè díẹ̀, ẹ máa bá iṣẹ́ yín lọ.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo ṣèlérí pé màá sọ ohun tó fọ́ gíláàsì fóònù mi. Láti ìgbà yẹn lẹ ti ń da ìbéèrè bò mí lórí WhatsApp. Ẹnì kan ní ó dá òun lójú pé ọ̀lọ́kadà ló já a gbà lọ́wọ́ mi. Rárá o. Èmi fúnra mi ni mo jù ú láti orí òrùlé ilé wa. Mo mọ̀ọ́mọ̀ jù ú ni. Ẹ̀ẹ̀mẹta.

Ẹ má tíì pè mí ní wèrè. Obìnrin kan tó ní ilé ìwé jẹ́lé-ó-sinmi ló pè mí pé ilé ìwé òun fẹ́ pé ọdún mẹ́wàá, pé òun fẹ́ kí àwọn ọmọ tò sí àárín pápá ní ìrísí nọ́ńbà 10, kí n sì ya fídíò wọn láti òkè. Iṣẹ́ gidi ni, owó rẹ̀ ì bá sì san ìyókù gbèsè fóònù yìí kan náà. Ṣùgbọ́n láti òkè, drone ni gbogbo ayé ń lò, èmi kò sì ní drone. Ẹni tó ní in tí mo fẹ́ yá lọ́wọ́ rẹ̀ dárúkọ owó tó ju gbogbo owó iṣẹ́ náà lọ. Lẹ́yìn ìyẹn, ìwé àṣẹ wà níbẹ̀: àjọ NCAA tó ń bójú tó ọkọ̀ òfurufú ní Nàìjíríà, àti ọ́fíìsì olùdámọ̀ràn ààrẹ lórí ètò ààbò. Ọ̀sẹ̀ méjì péré ló kù kí wọ́n ṣe àjọyọ̀.

Ìgbà náà ni mo rántí agboòrùn àbúrò mi tó ti ṣẹ́ lọ́wọ́. Mo ní, ṣé kò ṣeé ṣe kí fóònù rọra máa sọ̀kalẹ̀ lábẹ́ aṣọ yìí, kó máa ya fídíò bọ̀? Bí ọ̀rọ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Mo kọ́kọ́ ṣe ìṣirò, nítorí pé fóònù náà kì í ṣe ohun ìṣeré. Nǹkan méjì ló máa ń bá ara wọn fa ohun tó wà lábẹ́ páráṣúùtì. Ilẹ̀ ń fà á wálẹ̀, afẹ́fẹ́ ń tì í padà. Bí eré rẹ̀ bá ṣe ń pọ̀ sí i ni afẹ́fẹ́ ń le mọ́ ọn sí i, ó sì le ju bí ẹ ṣe rò lọ: bí eré bá di ìlọ́po méjì, agbára tí afẹ́fẹ́ fi ń tì í padà á di ìlọ́po mẹ́rin. Kò ní pẹ́ tí agbára méjèèjì á fi dọ́gba, láti ibẹ̀ lọ, eré náà kò ní pọ̀ sí i mọ́. Fóònù mi pẹ̀lú páálí tí mo fi wé e jẹ́ nǹkan bíi 250 gíráàmù. Aṣọ agboòrùn náà fẹ̀ tó mítà kan láti etí dé etí. Ìṣirò ní kó máa sọ̀kalẹ̀ ní nǹkan bíi mítà méjì ààbọ̀ láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Láti orí òrùlé wa dé ilẹ̀ jẹ́ bíi mítà 13. Ó túmọ̀ sí pé ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún péré ni fídíò mi máa jẹ́. Bí mo bá fẹ́ ìlọ́po méjì àsìkò yẹn, aṣọ tó tóbi ní ìlọ́po mẹ́rin ni mo máa rà. Mo wo àpò mi, mo ní ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún tó.

Ní ti bó ṣe máa balẹ̀, ọkàn mi balẹ̀ ju ti àbúrò mi lọ. Ohun tó ń bọ̀ ní mítà méjì ààbọ̀ láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan kò yàtọ̀ sí ohun tó já bọ́ láti ibi tó ga ní nǹkan bíi 32 sẹ̀ǹtímítà. Ṣé ẹ mọ àpótí kékeré tí àwọn ìyá wa fi ń jókòó ti ààrò? Láti orí ìyẹn ni. Fóònù wo ni kò tíì já bọ́ láti orí àpótí rí?

Àárọ̀ ọjọ́ Àìkú kan la ṣe é, nígbà tí gbogbo àgbàlá ti ṣófo. Àbúrò mi dúró nísàlẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má baà gba ibẹ̀ kọjá. Mo tan fídíò, mo sọ ọ́ sílẹ̀. Páráṣúùtì náà ṣí! Mo pariwo débi pé ajá aládùúgbò wa dáhùn.

Nígbà tí a wo fídíò náà, ẹnu mi wọhò. Ojú ọ̀run. Ògiri ilé kejì. Ilẹ̀. Igi máńgòrò. Ilẹ̀. Ojú ọ̀run lẹ́ẹ̀kan sí i, pẹ̀lú orí mi tó yọ létí òrùlé tí mo la ẹnu sílẹ̀. Kò sí ibi kan tó dúró kí èèyàn rí i. Àbúrò mi dá fóònù náà padà fún mi, ó ní òòyì ti ń kọ́ òun.

Nǹkan tó ṣe mí yìí ti pẹ́ láyé. Ní 22 October 1797, ọkùnrin ará Faransé kan tó ń jẹ́ André-Jacques Garnerin gun bàlúùnù lọ sókè ìlú Paris, ó gé okùn, ó sì sọ̀kalẹ̀ lábẹ́ páráṣúùtì aṣọ tí kò ní ihò kankan lórí. Ó balẹ̀ láàyè, ṣùgbọ́n gbogbo ọ̀nà ni apẹ̀rẹ̀ tó jókòó sí ń fì dùgbẹ̀dùgbẹ̀. Ẹ wo ìdí rẹ̀. Afẹ́fẹ́ tó kó sínú aṣọ náà gbọ́dọ̀ wá ibi jáde. Bí kò bá sí ihò lórí, etí aṣọ nìkan ló kù, kì í sì í jáde ní gbogbo etí lẹ́ẹ̀kan náà. Ó máa tú jáde lápá ọ̀tún, aṣọ á ṣí lọ sápá òsì, ẹrù tó wà nísàlẹ̀ á tẹ̀ lé e. Kí ẹrù náà tó débẹ̀, afẹ́fẹ́ ti tún yí ẹnu padà, ó ti ń tú jáde lápá òsì. Ìgbà tí ẹ bá rí páráṣúùtì tó ń fì, ẹ má ka afẹ́fẹ́ òde nìkan sí ẹlẹ́ṣẹ̀, aṣọ náà fúnra rẹ̀ ló ń gbé ara rẹ̀ fì. Lẹ́yìn náà ni wọ́n wá ń dá ihò sí àárín orí rẹ̀ kí afẹ́fẹ́ lè máa gba ojú kan jáde. Aṣọ agboòrùn burú fún iṣẹ́ yìí pàápàá, torí pé wọ́n ṣe é kí nǹkan kan má lè gba inú rẹ̀ kọjá ni.

Mo gbé e lọ bá àǹtí télọ̀ tó wà nísàlẹ̀ ilé wa. Mo ní kó bá mi dá ihò tó tó ẹnu ife tíì sí àárín. Ó wò mí, ó wo agboòrùn, ó ní, «Ṣé kí òjò lè ráyè wọlé ni?» Ṣùgbọ́n ó dá a, ó sì ran etí rẹ̀ yípo kó má baà ya. Ọlọ́run á bù kún un.

Ìjùsílẹ̀ kejì, fífì náà dín kù gan-an. Ṣé ẹ rò pé ó tán? Fóònù náà wá ń pòòyì bí òkòtó. Okùn kan ṣoṣo ni mo fi so páálí náà mọ́ abẹ́ aṣọ, okùn kan kì í sì í dá nǹkan dúró kó má yí. Etí páálí náà kan tún wọ́, ó ṣe bí abẹ́ fáànù, afẹ́fẹ́ ń fẹ́ lù ú láti ìsàlẹ̀, ó ń yí i. Ohunkóhun tí ẹ bá jù sílẹ̀ tí apá kan rẹ̀ kò bá dọ́gba pẹ̀lú apá kejì, fáànù ni, bó ti wù kó kéré mọ.

Ibí yìí ni mo ti fẹ́ kí ẹ fi agboòrùn mi sílẹ̀ ná, torí pé nígbà tí mo ń wá ọ̀nà àbáyọ ni mo bá ìtàn kan pàdé tí n kò lè gbàgbé. Kámẹ́rà tí wọ́n fi páráṣúùtì sọ̀ kalẹ̀ sí ibi tó jìnnà jù lọ tí irú rẹ̀ tíì dé ni. Orúkọ ẹ̀rọ náà ni Huygens. Àjọ òfurufú ilẹ̀ Yúróòpù, ESA, ló ni ín. Ibi tó lọ ni Titan, òṣùpá tó tóbi jù nínú àwọn òṣùpá Saturn. Ní 15 October 1997 ló gbéra láyé, ara ọkọ̀ Cassini ti NASA ló dì mọ́. 14 January 2005 ló wọ afẹ́fẹ́ Titan. Ẹ ka ọdún yẹn. Ọmọ tí wọ́n bí lọ́jọ́ tó gbéra ti wọ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kí ẹ̀rọ náà tó dé.

Kí ló dé tó fi jẹ́ páráṣúùtì? Torí pé Titan ní afẹ́fẹ́ tó pọ̀ ju tiwa lọ. Ìwúwo afẹ́fẹ́ lórí ilẹ̀ ibẹ̀ jẹ́ nǹkan bí ìlọ́po mẹ́rin ti ayé, bẹ́ẹ̀ òòfà ilẹ̀ rẹ̀ kò ju nǹkan bí ìdá méje tiwa lọ. Páráṣúùtì fẹ́ràn irú ibẹ̀ gan-an. Ó tiẹ̀ fẹ́ràn rẹ̀ jù, ìṣòro sì wà nínú ìyẹn. Páráṣúùtì mẹ́ta ni Huygens lò. Kékeré kan kọ́kọ́ jáde láti fa ìbòrí ẹ̀yìn kúrò. Ńlá tó fẹ̀ ju mítà mẹ́jọ lọ tẹ̀ lé e. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú 15 péré, wọ́n já ńlá yẹn sọ nù, kékeré tó fẹ̀ ní nǹkan bíi mítà mẹ́ta ló sì gbé e dé ilẹ̀. Ẹ lè ní kí ló dé tí wọn kò fi ti ńlá náà sílẹ̀ kó rọra máa bọ̀. Bátìrì ni. Bó bá rọra bọ̀ jù, bátìrì á kú sójú ọ̀run, Cassini tó ń gbọ́ ohùn rẹ̀ á sì ti kọjá lọ. Nígbà tí mo ka èyí ni mo dẹ́kun ṣíṣe àwáwí nípa ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún mi. Àwọn náà ń ka ìṣẹ́jú.

Ẹ wá gbọ́ o. Huygens ní láti máa yí. Èmi ń bá yíyí jà, àwọn ń fẹ́ ẹ. Kámẹ́rà rẹ̀ kò ní ọrùn tó lè fi wo ọ̀tún wo òsì, nítorí náà wọ́n ní kí gbogbo ẹ̀rọ náà máa yí jẹ́jẹ́ bó ṣe ń sọ̀ kalẹ̀, kí kámẹ́rà lè rí gbogbo àyíká. Wọ́n to abẹ́ kéékèèké 36 yí ara rẹ̀ ká, wọ́n dà wọ́n díẹ̀díẹ̀ bí abẹ́ fáànù, kí afẹ́fẹ́ tó ń fẹ́ wá láti ìsàlẹ̀ lè máa yí i sí apá kan tí wọ́n ti yàn. Wọ́n tún fi ohun tí ń wá oòrùn sí i, tó máa ń sọ fún kámẹ́rà pé, «Oòrùn wà níbí, ìsinsìnyí ni kí o ya tọ̀tún, ìsinsìnyí ni kí o ya tẹ̀yìn.» Ètò tó mọ́ gaara.

Nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá lẹ́yìn tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀, ẹ̀rọ náà dín yíyí rẹ̀ kù, ó dúró, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í yí padà sí apá kejì. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe títí tó fi balẹ̀.

Ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi wá ìdí rẹ̀. Wọ́n gbé àwòṣe rẹ̀ sínú ihò tí wọ́n ti ń fẹ́ afẹ́fẹ́ lu nǹkan láti fi wò ó, ohun tí wọ́n sì rí mú mi rẹ́rìn-ín, torí pé páálí tèmi gan-an ni. Àwọn nǹkan mìíràn yọ síta lára ẹ̀rọ náà: ibi tí wọ́n ti fi dè é mọ́ Cassini, àti àwọn ẹ̀rọ rédíò pẹlẹbẹ tí ń wọn bí ilẹ̀ ṣe jìnnà tó. Àwọn náà ń gba afẹ́fẹ́ sára, wọ́n ń ṣe bí fáànù tó kọjú sí òdìkejì, wọ́n sì borí abẹ́ 36. Àwọn ẹnjiníà tó gbọ́n jù mí lọ ní ìlọ́po ẹgbẹ̀rún, etí páálí tó wọ́ ṣe wọ́n.

Ohun tí ń wá oòrùn kò rí oòrùn mú dáadáa mọ́. Kámẹ́rà wá ń yàwòrán níbikíbi tó bá kọjú sí. Èyí kò sì tíì burú tó, nítorí nǹkan mìíràn ń ṣẹlẹ̀ lórí Cassini. Ọ̀nà rédíò méjì ni Huygens fi ń ránṣẹ́, ẹ jẹ́ ká pè wọ́n ní A àti B. Ọ̀pọ̀ jù lọ iṣẹ́ ni wọ́n fi ránṣẹ́ lórí méjèèjì, kí èkejì lè gbè é bí ọ̀kan bá kú. Ṣùgbọ́n àwòrán pọ̀, àwọn tó ni kámẹ́rà sì fẹ́ kí àwòrán púpọ̀ dé, ni wọ́n bá pín in: ìdajì lórí A, ìdajì lórí B. Àṣẹ tó yẹ kó tan ohun tí ń gba A lórí Cassini kò sí nínú ètò àṣẹ tí wọ́n kọ ránṣẹ́. Wọ́n gbàgbé rẹ̀. Lára bí àwòrán 700 tí wọ́n ń retí, nǹkan bíi 350 ló dé. Ìyókù ni Huygens yà, tó fi ránṣẹ́, tí ẹnikẹ́ni kò sì gbà.

Ó ṣe mí bí ẹni pé kí n sunkún nígbà tí mo ka ibẹ̀, n kò ní parọ́. Ẹnikẹ́ni tó bá ti ya ìgbéyàwó rí, tó délé tó bá káàdì kejì pé òfìfo ni, ó mọ ohun tí mo ń sọ. Àwọn kan sì wà tí gbogbo iṣẹ́ wọn wà lórí A nìkan: àwọn tó fẹ́ fi ìyípadà ohùn rédíò wọn bí ìjì Titan ṣe ń gbé ẹ̀rọ náà lọ. Wọn kò rí nǹkan kan gbà lórí Cassini. Àánú ṣe wọ́n ni, torí pé àwọn awò rédíò ńlá ní ayé níbí, ọ̀kan ní Green Bank ní Amẹ́ríkà, ọ̀kan ní Parkes ní Ọsirélíà, ti tẹ́tí sílẹ̀ sí ohùn náà tààràtà láti ibi tó jìnnà ju bílíọ̀nù kìlómítà kan lọ, wọ́n sì gbọ́ ọ. Láti inú ìyẹn ni wọ́n ti mọ̀ pé ìjì tó wà ní nǹkan bíi 120 kìlómítà sókè ń sáré ju 400 kìlómítà lọ láàárín wákàtí kan, pé bó ṣe ń súnmọ́ ilẹ̀ ló ń rọ̀, tó fi di afẹ́fẹ́ jẹ́jẹ́.

Ní ti àwòrán, wọ́n jókòó tì í bí ẹni tó ń to àpáàdì ìkòkò tó fọ́. Ẹ̀rọ náà ń yí sápá òdì, ó ń fì, kò sẹ́ni tó mọ ibi tí àwòrán kọ̀ọ̀kan kọjú sí. Wọ́n wo bí agbára ohùn rédíò náà ṣe ń lọ sókè sódò bí ẹ̀rọ ṣe ń yí. Wọ́n wo ibi tí odò kan nínú àwòrán yìí ti bá odò inú àwòrán tọ̀hún mu. Bẹ́ẹ̀ ni, odò ni mo wí. Lára àwòrán tó wálẹ̀ ni ti ipa odò tó ya bí ẹ̀ka igi, tó ń ṣàn lọ sí ibi pẹlẹbẹ tó dà bí etí òkun, lórí ilẹ̀ tó tutù dé nǹkan bíi dígírì 179 sí ìsàlẹ̀ òdo. Mẹ́téènì olómi ló gbẹ́ ojú ọ̀nà wọ̀nyẹn, omi ibẹ̀ ti di yìnyín tó le bí òkúta. Lẹ́yìn wákàtí méjì àti nǹkan bí ìṣẹ́jú 27 lábẹ́ páráṣúùtì, ó balẹ̀ jẹ́jẹ́. Ó tún ń ránṣẹ́ láti orí ilẹ̀ fún ohun tó ju wákàtí kan lọ, títí Cassini fi wọ̀ lójú ọ̀run ibẹ̀. Àwòrán tó ń yà lórí ilẹ̀ kò yí padà: òkúta yìnyín roboto roboto níwájú rẹ̀, ojú ọ̀run aláwọ̀ ọsàn.

Ẹ jẹ́ ká padà sórí òrùlé.

Lẹ́yìn tí mo ka ìtàn yẹn, mo gé gbogbo etí páálí náà kó dọ́gba. Mo yọ okùn kan ṣoṣo náà, mo fi okùn mẹ́rin so igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin rẹ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ mọ́ etí aṣọ, kí páálí má lè yí láìjẹ́ pé ó gbé gbogbo aṣọ yí. Ṣùgbọ́n mo tún ní láti bá fóònù fúnra rẹ̀ sọ̀rọ̀. Èyí ni mo fẹ́ kí ẹ̀yin tí ẹ ń fi fóònù ya nǹkan gbọ́ dáadáa.

Gígùn okùn mi pẹ̀lú aṣọ rẹ̀ jẹ́ bíi mítà kan ààbọ̀. Nǹkan tó rọ̀ sórí okùn tó gùn tó bẹ́ẹ̀ máa ń fì lọ fì bọ̀ láàárín ìṣẹ́jú àáyá méjì ààbọ̀. (Ní Titan, okùn kan náà á lò tó bíi mẹ́fà ààbọ̀, torí pé òòfà ibẹ̀ kò lágbára.) Bó bá fì dé 20 dígírì lápá kọ̀ọ̀kan, nígbà tó bá ń gba àárín kọjá, á máa yí ní nǹkan bí 50 dígírì láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí kámẹ́rà bá wá la ojú sílẹ̀ fún 1/50 ìṣẹ́jú àáyá, bí fóònù ṣe sábà máa ń ṣe níbi tí ìmọ́lẹ̀ kò pọ̀, dígírì kan gbáko ni àwòrán á fi ṣí nípò kí ojú náà tó padé. Lórí fídíò tó fẹ̀ ní píkísẹ́lì 1920, dígírì kan jẹ́ bíi píkísẹ́lì 30. Ìyẹn ni pé ojú èèyàn á fà bí ẹ̀kọ tí a fi ọwọ́ pa. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá pàṣẹ fún un kó la ojú fún 1/1000 péré, píkísẹ́lì kan ààbọ̀ ni, kò sẹ́ni tó máa rí i. Kò ná mi ní kọ́bọ̀. Mo kúrò ní ibi tí fóònù ti ń yan nǹkan fúnra rẹ̀, mo fi ọwọ́ yan 1/1000, mo sì dúró di ọ̀sán kí oòrùn tó.

Nǹkan kejì yà mí lẹ́nu. Fóònù mi ní ibi tó ń mú kí àwòrán dúró gbọnrangandan bó ti wù kí ọwọ́ wọ́ tó. Mo rò pé yóò gbà mí. Kò gbà mí. Ṣé ẹ ti rí ọmọdé tó ń fi bọ́kẹ́ẹ̀tì omi fì lọ fì bọ̀ tí omi kò dà? Omi inú bọ́kẹ́ẹ̀tì kò mọ̀ pé òun ti dà sẹ́gbẹ̀ẹ́, lójú tirẹ̀, ibi tí ìdí bọ́kẹ́ẹ̀tì wà ni ìsàlẹ̀. Ohun tó wà nínú fóònù tí ń mọ ìsàlẹ̀ yàtọ̀ sí òkè, bẹ́ẹ̀ gan-an ló rí bó bá ń fì lórí okùn. Ibi tí okùn bá ti ń fà á ló ń pè ní òkè. Páráṣúùtì dà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ní 20 dígírì, fóònù ń búra pé òun dúró ṣánṣán. Ìdí nìyí tí àwọn tó mọ iṣẹ́ náà fi ń lo ohun mìíràn pẹ̀lú rẹ̀, ohun tó ń mọ yíyí fúnra rẹ̀. Alfred Maul, ará Jámánì kan tó ń fi rọ́kẹ́ẹ̀tì gbé kámẹ́rà lọ sókè ní ìbẹ̀rẹ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún ogún, tó sì ń fi páráṣúùtì gbé e padà wálẹ̀, fi irin tó ń pòòyì sínú tirẹ̀ kí kámẹ́rà má baà yí kiri. Òkòtó ni irin yẹn náà o. Òkòtó tó ń sáré kì í fẹ́ kí ẹnikẹ́ni da òun.

NASA náà ní ọgbọ́n tirẹ̀. Nígbà tí Perseverance ń sọ̀ kalẹ̀ sórí Mars ní 18 February 2021, kámẹ́rà kọjú sókè, ó ń ya páráṣúùtì fúnra rẹ̀, tó fẹ̀ ní mítà 21 ààbọ̀. Wọ́n kun aṣọ náà ní funfun àti pupa rúsúrúsú láìdọ́gba, kí ẹni tó bá wo fídíò lè mọ apá ibi tó ti yí sí. Mo jí ọgbọ́n yẹn. Mo fi téèpù pupa lẹ ẹ̀gbẹ́ kan aṣọ agboòrùn, òjìji rẹ̀ sì hàn lórí ilẹ̀ nínú fídíò kẹta.

Fídíò kẹta yẹn dára! Àgbàlá wa láti òkè, kàǹga, okùn tí wọ́n sá aṣọ sí, àbúrò mi tó ń gbójú sókè. Ó fì díẹ̀, ó yí ìdajì ẹ̀ẹ̀kan péré. Ṣùgbọ́n mo gbàgbé nǹkan kan. Ohun tó wà lábẹ́ páráṣúùtì kì í dúró lójú kan, gbogbo afẹ́fẹ́ tó bá ń lọ ló máa bá lọ. Afẹ́fẹ́ ọ̀sán yẹn kò ju mítà mẹ́ta lọ láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ó kàn ń mi ewé lásán ni. Mẹ́ta lọ́nà márùn-ún jẹ́ 15. Fẹ́ǹsì wa kò jìnnà tó mítà 15. Ẹ sì mọ ohun tí àwọn onílé wa máa ń tò sórí fẹ́ǹsì nítorí olè. Ìgò fífọ́.

Fọ́tò gíláàsì náà wà nísàlẹ̀ ibí yìí, ẹni tó bá fẹ́ rẹ́rìn-ín kó wò ó.

Bí afẹ́fẹ́ ṣe gbé e lọ yẹn gan-an ló jẹ́ kí n pe ìyá onílé-ìwé náà pé n kò ní lè ṣe é. Mi ò lè ju nǹkan sókè orí ọmọ ọlọ́mọ tí n kò lè sọ ibi tó máa balẹ̀ sí. Mo rò pé iṣẹ́ ti bọ́. Ó ní, «Ẹ̀yin bọ̀dá yìí, ṣé ẹ kò rí òpó táǹkì omi wa ni?» Mo gun òpó táǹkì, mo fi fóònù tó fọ́ ya nọ́ńbà 10 náà lọ́wọ́. Ọmọ kan nínú òdo náà jókòó, kò dìde títí a fi ṣe tán. Ó san owó mi pé.

Èyí tó kù kí n tó lọ: NASA ń múra láti padà sí Titan. Orúkọ ẹ̀rọ náà ni Dragonfly, wọ́n fẹ́ kó gbéra ní 2028. Yóò sọ̀ kalẹ̀ lábẹ́ páráṣúùtì bíi Huygens, ṣùgbọ́n kó tó dé ilẹ̀ ni yóò já ara rẹ̀ kúrò lára páráṣúùtì náà, tí yóò sì máa fi abẹ́ rẹ̀ fò kiri. Drone ni. Kò sì ní gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ NCAA.

Àǹtí télọ̀ ní kí n kí yín. Ẹ pàdé mi lọ́jọ́ Ẹtì.